Bí Ilé-Ẹ̀kọ́ Kékeré Nígboro Ṣe Lè Gba Ọlọ́pàá Sínú Ọgbà Láì Kó Àwọn Ọmọ Sí Wàhálà

Ní oṣù November 2025, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, àwọn ajínigbé ya wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Maga ní ìpínlẹ̀ Kebbi, wọ́n sì tún ya wọ ilé-ẹ̀kọ́ Kátólíìkì kan ní Papiri ní ìpínlẹ̀ Niger. Ìbẹ̀rù yẹn kò dúró lókè ọya. Nínú ìpàdé òbí àti olùkọ́ láwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kéékèèké tó wà láàárín ìgboro Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo àti Èkó, ẹnìkan á dìde, á ní: "Ẹ jẹ́ ká lọ gba ọlọ́pàá kan wá sí géètì." Òbí tó sọ bẹ́ẹ̀ kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ọmọ rẹ̀ ló ń rò.

Ṣùgbọ́n ọgbà tí ọmọ ọdún mẹ́ta ti ń sáré kiri kì í ṣe ibi tí ó yẹ kí a fi ìkánjú mú ìbọn wọ̀. Ohun kan ni mo fẹ́ kí onílé-ẹ̀kọ́ àti òbí mú dání jálẹ̀ ìtọ́sọ́nà yìí: ọgbà ni ọlọ́pàá ń ṣọ́. Kì í ṣọ́ ìwà ọmọ, kì í sì í bá yín gba owó ilé-ẹ̀kọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá kọ èyí sílẹ̀, tí gbogbo ènìyàn fọwọ́ sí i kí ọlọ́pàá tó dé, yóò rí ààbò. Èyí tí kò bá kọ ọ́ yóò bá ara rẹ̀ nínú ẹjọ́ tí kò ní tẹ́lẹ̀.

1. Ẹ yí ọgbà ká kí ẹ tó lọ sí téṣàn

Ẹ jẹ́ ká wo mẹ́ta nínú ohun tó ti ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá níbí. Ní 29 February 2016, wọ́n jí ọmọbìnrin mẹ́ta gbé ní Babington Macaulay Junior Seminary ní Ìkòròdú. Ní 25 May 2017, wọ́n jí ọmọkùnrin mẹ́fà gbé ní Lagos State Model College ní Ìgbónlá, lápá Ẹ̀pẹ́. Ó lé ní oṣù méjì kí wọ́n tó padà sọ́dọ̀ òbí wọn. Ní 29 January 2024, wọ́n dá bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ kan lọ́nà ní Ẹmùré-Èkìtì, wọ́n sì kó àwọn ọmọ, àwọn olùkọ́ àti awakọ̀ wọgbó.

Ní Ìkòròdú, ihò ni wọ́n dá sí fẹ́ǹsì. Ní Ìgbónlá, ẹ̀yìn ọgbà ni wọ́n gbà wọlé, níbi tí irà wà. Ní Ẹmùré, ojú títì ni, lẹ́yìn tí wọ́n ti jáde ilé-ẹ̀kọ́. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó gba géètì iwájú. Bẹ́ẹ̀, géètì iwájú ni gbogbo wa máa ń fẹ́ kí ọlọ́pàá dúró sí.

Nítorí náà, kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, gáàdì, òbí kan àti ẹnìkan tó ń gbé lẹ́yìn fẹ́ǹsì yín jọ yí ọgbà ká. Ẹ ṣe é láàárọ̀ nígbà tí àwọn ọmọ ń wọlé, ẹ tún ṣe é ní ọ̀sán nígbà tí wọ́n ń jáde, ẹ sì tún ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ilẹ̀ ṣú. Ojú kì í rí ohun kan náà ní ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibo ni fẹ́ǹsì ti kúrú? Ibo ni ààtàn ti ga débi pé ènìyàn lè gùn ún wọlé? Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn tí àwọn olóúnjẹ ń gbà? Ibo ni àwọn ọmọ tí òbí wọn kò tètè dé máa ń dúró sí, ta ló sì ń wò wọ́n? Tí ẹ bá ní bọ́ọ̀sì, ẹ wọ̀ ọ́, kí ẹ bá a dé ibi tó ti ń já ọmọ ìkẹyìn sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún méjì sẹ́yìn sínú rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́: jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n jí, ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ tó wá ní òun fẹ́ mú ọmọ lọ, àwọn ọ̀dọ́ tó ń mu igbó lẹ́bàá fẹ́ǹsì, ìjà láàárín àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yín àti ti àdúgbò kejì. Kí ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ má kọ ohun tí ẹ rò.

Nígbà tí ẹ bá ka ìwé yẹn tán, ẹ ó rí i pé bíríkìlà ni yóò yanjú ìdajì rẹ̀. Ìdajì tó kù, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni káàdì ìmọ́mọlọ yóò yanjú, ìyẹn káàdì tí òbí gbọ́dọ̀ fi hàn kí wọ́n tó fa ọmọ lé e lọ́wọ́, tí orúkọ àti àwòrán ẹni tó lè mú ọmọ wà lára rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìwọ̀nyí. Ohun tó bá ṣẹ́kù sínú ìwé lẹ́yìn tí ẹ ti mọ fẹ́ǹsì tí ẹ sì ti ṣe káàdì, òun ni ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá.

Ohun kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ níbí, bó tilẹ̀ lè dun àwọn onílé-ẹ̀kọ́ kan. Tí ẹ bá jẹ àwọn olùkọ́ lówó oṣù, ẹ san án kí ẹ tó wá owó ọlọ́pàá. Olùkọ́ ló mọ ojú gbogbo òbí, òun ló kọ́kọ́ ń mọ̀ tí ọmọ kan kò bá padà láti ilé ìyàgbẹ́. Olùkọ́ tí ebi ń pa, tó ń wo aago kó lè sáré lọ ibi iṣẹ́ kejì, kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

2. Ẹ gbọ́ ti òbí, ti olùkọ́ àti ti àdúgbò

Ẹ pe ìpàdé PTA, ìyẹn ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, kan fún ọ̀rọ̀ yìí nìkan, kí ẹ sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀. Ẹ fi àyè gba àwọn tí kò fẹ́ ọlọ́pàá. Kò tíì pẹ́ tí ọ̀rọ̀ SARS gba gbogbo ìlú kan ní October 2020, àwọn òbí kan sì wà tí ọmọ wọn tàbí àbúrò wọn fara gbá nínú rẹ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ tó bá ní ẹ̀rù ń ba òun kò gbọdọ̀ gbọ́ "ẹ jókòó, mọ́mì." Ìbéèrè tirẹ̀ gan-an ni yóò jẹ́ kí àdéhùn tí ẹ máa kọ dára: ta ni ọlọ́pàá náà máa wà lábẹ́ rẹ̀? Kí ló máa ṣẹlẹ̀ tó bá gbá ọmọ létí?

Ẹ lọ kí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò pẹ̀lú. Ìbọn tó bá wà ní géètì yín wà ní òpópónà wọn náà.

3. Irú ẹ̀ṣọ́ wo ni ẹ fẹ́ gan-an?

Ibí ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ti ń ṣìnà, nítorí wọ́n rò pé ọlọ́pàá ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Èyí tó rọrùn jù, tí kì í sì í ná ilé-ẹ̀kọ́ lówó, ni kí téṣàn àdúgbò máa fi mọ́tò tàbí ọ̀kadà wọn gba iwájú ilé-ẹ̀kọ́ kọjá ní àsìkò ìwọlé àti àsìkò ìjáde, kí wọ́n dúró fún ìgbà díẹ̀, kí ọlọ́pàá kan sọ̀kalẹ̀ kí gáàdì. Iṣẹ́ wọn ni. DPO, ìyẹn ọ̀gá téṣàn, ló ní àṣẹ rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ní ọgọ́rùn-ún méjì ọmọ láàárín ìgboro, tí kò sì rí ìhàlẹ̀ kankan, èyí ni mo máa ní kó lọ béèrè. Kí wọ́n má máa wá ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, kí ẹni tó ń ṣọ́ yín má baà mọ wákàtí tí ibẹ̀ ṣófo.

Èkejì ni ọlọ́pàá tó máa wà pẹ̀lú yín fún ọjọ́ kan tàbí fún àkókò kan. Àjọ ọlọ́pàá ní ojú òpó kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, POSSAP, tí wọ́n ti ń gba ìbéèrè fún ẹ̀ṣọ́ àti fún ẹni tó máa sin ènìyàn rìn. Ẹ ó san owó, ẹ ó sì gba risíìtì. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ní 23 November 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú pàṣẹ kí wọ́n kó àwọn ọlọ́pàá kúrò lẹ́yìn àwọn ènìyàn ńláńlá, kí wọ́n padà sí iṣẹ́ ọlọ́pàá gangan, kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀ṣọ́ lọ bá Sífù Difẹ́ǹsì. Ọlọ́pàá kò tó láti pín kárí. Lẹ́tà ilé-ẹ̀kọ́ kékeré tí kò sọ ohun pàtó kan yóò wà nísàlẹ̀ fáìlì.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní spy. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 fàyè gbà á pé kí ẹni tó ní dúkìá tàbí ibi iṣẹ́ kọ̀wé sí Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá pátápátá pé òun fẹ́ ọlọ́pàá tí yóò máa ṣọ́ ibẹ̀ nìkan. Tí wọ́n bá gbà, ẹ̀yin ni ẹ ó san owó aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbà á síṣẹ́, ẹ ó sì máa san owó oṣù mẹ́ta mẹ́ta sílẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ dá a dúró, ẹ ó fún wọn ní ìwé oṣù méjì ṣáájú. Báǹkì àti ilé iṣẹ́ ńláńlá ló sábà máa ń ṣe èyí. Fún ilé-ẹ̀kọ́ kékeré, ẹrù tó wúwo ni, àfi tí ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójú òpópónà kan náà bá jọ ń béèrè.

Sífù Difẹ́ǹsì ńkọ́? Àwọn ni ibùdó ìjọba àpapọ̀ fún ààbò ilé-ẹ̀kọ́ wà lábẹ́ wọn ní Abùjá, àwọn náà ló sì ń fún àwọn ilé iṣẹ́ gáàdì aládàáni ní ìwé àṣẹ. Tí ẹ bá fẹ́ gba gáàdì, ẹ ní kí ilé iṣẹ́ náà fi ìwé àṣẹ yìí hàn yín, kí ẹ wo ọjọ́ tó máa parí. Gáàdì aládàáni kò gbọdọ̀ gbé ìbọn, òfin ló sọ bẹ́ẹ̀ láti 1986. Lójú tèmi, èyí dára fún ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi: ẹni tó mọ ojú òbí, tó jí pépé, tí fèrè àti fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, wúlò ju ìbọn lọ níbi tí àwọn ọmọdé ti pọ̀ lójú kan.

Àmọ̀tẹ́kùn náà wà láti January 2020, ní Èkó àwọn LNSC, ẹ̀ṣọ́ àdúgbò ti ìjọba ìpínlẹ̀, ni wọ́n máa ń bá àdúgbò ṣọ́ ọ̀nà. Wọ́n mọ kọ̀rọ̀ tí ọlọ́pàá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti ìpínlẹ̀ míì kò lè mọ̀. Ẹ fi orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Àjọ ọlọ́pàá fúnra wọn sì ní ẹ̀ka kan tó wà fún ilé-ẹ̀kọ́ nìkan, Schools Protection Squad. Ẹ béèrè lọ́wọ́ DPO ẹni tó ń bójú tó o ní ìpínlẹ̀ yín.

Ìgbà wo wá ni ó tọ́ kí ọlọ́pàá máa dúró nínú ọgbà lójoojúmọ́? Tí lẹ́tà tàbí ìpè ìhàlẹ̀ bá ti wọlé. Tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn bá ń ja ìjà àgbègbè ní àdúgbò. Tí wọ́n bá ti gbìyànjú àtijí ọmọ gbé nítòsí. Kí ẹ sì dá ọjọ́ tí yóò parí fún un, bí sáà kan, kó má baà di pé ọlọ́pàá wà níbẹ̀ nítorí pé ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

4. Lẹ́tà náà

Kọmíṣọ́nà ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ni ẹ máa kọ ọ́ sí, ṣùgbọ́n ọwọ́ DPO ni yóò gbà kọjá. Má ṣe fo DPO lọ sí olú ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé, Ẹlẹ́wẹ́rán tàbí Ìkẹjà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni wọ́n máa dá lẹ́tà padà sí, yóò sì ti bínú.

Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé tó ní orúkọ ilé-ẹ̀kọ́, kó má ju ojú ewé méjì lọ. Ẹ sọ ibi tí ilé-ẹ̀kọ́ wà pẹ̀lú bọ́sítọ́ọ̀pù tó sún mọ́ ọn, iye ọmọ àti ọjọ́ orí wọn, wákàtí ìwọlé àti ìjáde. Ẹ to ohun tó ti ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ láti inú ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn. Ẹ sọ ohun tí ẹ ti ṣe fúnra yín, nítorí ọ̀gá ọlọ́pàá tó bá rí i pé ẹ ti mọ fẹ́ǹsì yóò mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ fi ọlọ́pàá rọ́pò gáàdì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ sọ ohun tí ẹ ń béèrè, ní pàtó: "A ń béèrè fún ìṣọ́ mọ́tò láti aago méje sí aago mẹ́jọ àárọ̀, àti láti aago méjì sí aago mẹ́ta ọ̀sán, fún sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ yìí." Ìyẹn sàn ju "ẹ gbà wá o" lọ. Ẹ fi àwòrán ọgbà tí ẹ fọwọ́ yà sí i, kí gbogbo ọ̀nà àbáwọlé hàn níbẹ̀.

Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ yín, àti sí alága PCRC téṣàn náà, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó so ọlọ́pàá pọ̀ mọ́ ará àdúgbò. Kí alága PCRC bá yín lọ. Ẹ má lọ ní ẹni mẹ́wàá. Ẹni mẹ́ta tó: ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, alága PTA, àti òun. Bí ẹ bá wọlé, ẹ kí i bó ṣe yẹ: "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. A ò wá fẹjọ́ yín sùn o. Ẹ̀yin lẹ ni ọmọ wọ̀nyí náà, ìdí nìyẹn tá a fi ní ká wá gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ yín." Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó rán ẹnìkan wá yí ọgbà ká. Ọlọ́pàá tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ lè rí ohun tí ẹ kò rí.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ lára ẹ̀dà tiyín kí ẹ tó kúrò. Wọ́n máa ń gbé DPO láti téṣàn kan sí òmíràn, ẹni tuntun tó bá sì dé kò mọ ọ̀rọ̀ ẹnu tí ẹ bá ti tẹ́lẹ̀ sọ. Tí wọ́n bá ti yí DPO padà, kí ẹ mú ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yẹn lọ kí tuntun.

5. Àdéhùn iṣẹ́: ibi tí ọ̀rọ̀ wà

Tí wọ́n bá gbà láti fún yín ní ọlọ́pàá tó máa dúró nínú ọgbà, kò gbọdọ̀ lo ọjọ́ kan níbẹ̀ láìsí ìwé àdéhùn tí DPO, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àti alága PTA fọwọ́ sí. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ báyìí:

"Iṣẹ́ ọlọ́pàá níbí ni láti ṣọ́ géètì, fẹ́ǹsì àti ọ̀nà tí àwọn ọmọ ń gbà wọlé àti jáde. Kò ní bá olùkọ́ fi ìyà jẹ ọmọ. Kò ní na ọmọ, kò ní ní kí ọmọ kúnlẹ̀, kò ní gba fóònù ọmọ. Kò ní wọ kíláàsì àfi tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ bá pè é tàbí tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu. Kò ní bi ọmọ kankan ní ìbéèrè lórí ẹ̀sùn láìsí òbí rẹ̀ àti ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ níbẹ̀."

Ẹ wá ya ọ̀rọ̀ olùkọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, kí ẹ kọ ọ́ ní kedere. Ìjà ọmọ méjì, bírò tó sọnù, ariwo, pípẹ́ lẹ́yìn, irun, fóònù nínú báàgì: ti olùkọ́ ni. Ohun ìjà, oògùn olóró, ẹni tó fara gbọgbẹ́ gidi, àjèjì nínú ọgbà, ìfipábánilòpọ̀: ti ọlọ́pàá ni. Tí ẹ kò bá ya wọ́n sọ́tọ̀, láàárín oṣù kan, olùkọ́ tó ti rẹ̀ ni yóò máa sọ fún ọmọ ọdún mẹ́jọ pé "màá pe ọlọ́pàá fún ẹ." Ẹ fòfin de ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu gbogbo òṣìṣẹ́. Ọmọ tó bá ń bẹ̀rù ọlọ́pàá géètì kò ní lọ sọ fún un pé ọkùnrin kan ń tẹ̀lé òun.

Ní ti ìfipábánilòpọ̀, kò sí ìparí ẹjọ́ ní géètì. Kí ọlọ́pàá, onílé-ẹ̀kọ́ tàbí pásítọ̀ kankan má sọ pé kí ẹbí méjèèjì jọ jókòó. Ilé ìwòsàn ni a ń gbé ọmọ lọ kó tó wẹ̀, a sì ń kọ ẹjọ́ sílẹ̀ ní téṣàn lọ́jọ́ náà. Ní Èkó, Mirabel Centre wà ní ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, DSVA, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ìwà ipá inú ilé àti ìfipábánilòpọ̀, sì wà tí yóò tẹ̀lé ẹjọ́ náà.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti 2003, tí gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù ti sọ di tiwọn, pe ẹni tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún ní ọmọdé. Tí ọlọ́pàá bá mú ọmọdé, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí òbí rẹ̀ mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí i, kò gbọdọ̀ lù ú. Orúkọ àti àwòrán ọmọ tó wà nínú ẹjọ́ kò gbọdọ̀ jáde. Ẹ kọ èyí sínú àdéhùn, kí ẹ sì fi kún un pé fóònù kankan kò gbọdọ̀ ya ọmọ tí ọlọ́pàá dá dúró, títí kan fóònù olùkọ́, nítorí WhatsApp àwọn òbí ni àwòrán bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ máa ń dé. Tí ó bá di dandan kí wọ́n yẹ ara ọmọbìnrin wò, obìnrin ni yóò ṣe é. Ẹ béèrè fún ọlọ́pàábìnrin láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ilé-ẹ̀kọ́ ni mo fẹ́ kí àwọn onílé-ẹ̀kọ́ tẹ́tí sí dáadáa. Òbí tó bá jẹ yín ní gbèsè, ẹ kò gbọdọ̀ fi ọlọ́pàá géètì halẹ̀ mọ́ ọn. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ kedere pé ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí gbèsè tàbí àdéhùn tí kò ṣẹ. Wọn kò sì gbọdọ̀ mú ìyá nítorí ohun tí ọmọ ṣe, tàbí ẹ̀gbọ́n nítorí àbúrò. Kí ọlọ́pàá má mọ orúkọ ẹni tó jẹ owó rárá. Ìwé àwọn tó jẹ gbèsè kò gbọdọ̀ wà ní géètì.

Ìbọn wá ńkọ́? Ilé-ẹ̀kọ́ ìgboro kì í ní àyè. Àga olóúnjẹ, ilà àsẹ́ńbìlì àti ìlẹ̀kùn kíláàsì sún mọ́ra. Nítorí náà, ẹ yan ojú kan fún ọlọ́pàá tó gbé ìbọn, níta ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré, kí ó lè rí géètì àti ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì. Ìbọn náà kò gbọdọ̀ kúrò lára rẹ̀. Kò gbọdọ̀ fi í ti ògiri nígbà tó bá ń jẹun, kò gbọdọ̀ gbé e wọ kíláàsì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá a gbé e dání, ọmọ kò gbọdọ̀ bá a ya fọ́tò. Láti ibi ìkóhun-ìjà téṣàn ni ó ti fọwọ́ síwèé gbà á, ibẹ̀ náà ni yóò dá a padà sí. Ìbọn kankan kò gbọdọ̀ sùn nínú ọ́fíìsì ilé-ẹ̀kọ́. Tí òórùn ọtí bá wà lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kò ní bá a jiyàn. DPO ni yóò pè, láti inú ọ́fíìsì, ní wákàtí kan náà.

Ohun tó kéré ṣùgbọ́n tó máa ń ba nǹkan jẹ́: iṣẹ́ ìrànṣẹ́. Ọlọ́pàá kì í lọ ra ẹ̀wà fún olùkọ́, kì í wa mọ́tò onílé-ẹ̀kọ́, kì í lọ bá a gba ilẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ó fi lọ ra nǹkan ni géètì fi ṣófo.

6. Owó

Owó tí ìwé àṣẹ bá sọ nìkan ni ẹ máa san, sínú àkáǹtì tí ìwé sọ, pẹ̀lú risíìtì. Owó epo àfọwọ́fún, owó ọjọ́ Jímọ̀, owó ọdún: ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí owó yẹn bá dáwọ́ dúró ni ìṣọ́ náà máa dáwọ́ dúró. Oúnjẹ ọ̀sán, ibòji, omi àti ilé ìyàgbẹ́ tí kì í ṣe ti àwọn ọmọ, ẹ fún un láìfi pamọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé ìnáwó. Tí owó ilé-ẹ̀kọ́ bá máa lé nítorí èyí, ẹ sọ iye tó jẹ́ fún òbí kí sáà tó bẹ̀rẹ̀.

7. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Kí ọlọ́pàá wá sí àsẹ́ńbìlì láì gbé ìbọn, kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pe orúkọ rẹ̀, kí ó sọ fún àwọn ọmọ ohun tó wá ṣe àti ohun tí kò wá ṣe. Kí ó kọ́ orúkọ àwọn gáàdì, olóúnjẹ àti awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Kí ó wọ bọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan, kí ó mọ ọ̀nà.

Ẹ jọ ṣètò agogo ewu. Agogo yìí kò gbọdọ̀ jọ ti ìsinmi ọ̀sán. Tó bá dún, kí gbogbo ìlẹ̀kùn tì, kí àwọn ọmọ jókòó sílẹ̀ jìnnà sí fèrèsé, kí olùkọ́ pe orúkọ wọn. Ẹ fi dánra wò ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì sọ fún òbí ṣáájú kí ìyá kan má baà ya wèrè sí títì. Ẹ lẹ nọ́ńbà mọ́ ara ògiri gbogbo ọ́fíìsì: nọ́ńbà DPO, ti téṣàn, 112 tó wà fún gbogbo orílẹ̀-èdè, 767 tí ẹ bá wà ní Èkó, 615 tí ẹ bá wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ọjọ́ àríyá ní ètò tirẹ̀. Ní 18 December 2024, ọmọ márùndínlógójì ló kú nínú ìtìtì èrò níbi àríyá tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọdé ní ọgbà Islamic High School, Bàṣọ̀run, Ìbàdàn. Èrò tó pọ̀ ju ààyè lọ lewu bíi ajínigbé, ọlọ́pàá kan ní géètì kò sì lè dá a dúró. Fún ọjọ́ ìparí sáà, ọjọ́ eré ìdárayá tàbí kérésì, ẹ kọ lẹ́tà ọ̀tọ̀ sí DPO ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, ẹ ka iye ẹni tí ọgbà lè gbà, ẹ fún wọn ní káàdì, kí ẹ sì ṣí ọ̀nà ìjáde ju ẹyọ kan lọ. Tí ẹ bá fẹ́ yá àwọn ẹlòmíràn ní pápá yín, àwọn àdéhùn wọ̀nyí náà ni kí wọ́n fọwọ́ sí.

8. Tí nǹkan bá yí

Kí ìwé kan wà ní ọ́fíìsì tí òbí, olùkọ́ tàbí ọmọ lè kọ ẹ̀dùn ọkàn wọn sí nípa ọlọ́pàá náà, kí alága PTA máa kà á lọ́ṣooṣù. Kó má jẹ́ onílé-ẹ̀kọ́ nìkan ni yóò máa kà á. Tí ó bá na ọmọ tàbí tí ó sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sí ọmọbìnrin, kò sí ìkìlọ̀ kejì. Ẹ mú un kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ lójú ẹsẹ̀, ẹ pe òbí ọmọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú wákàtí, ẹ mú un lọ bá DPO. Tí DPO bá ń fi falẹ̀, ẹ gba ọ̀dọ̀ Kọmíṣọ́nà lọ, ẹ sì fi tó ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gba ẹ̀sùn ará ìlú létí, CRU.

Ní ìparí sáà, ẹ tún gbé ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn jáde. Kí ló ti dín kù? Ṣé ìhàlẹ̀ tó mú wa pè é ṣì wà? Tí kò bá sí mọ́, ẹ kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí téṣàn, kí ẹ sì padà sí ìṣọ́ mọ́tò àárọ̀ àti ọ̀sán. Tí spy bá ni, ẹ rántí ìwé oṣù méjì yẹn kí ẹ má baà san owó sáà tí ẹ kò fẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìsinmi gígùn láti July sí September náà, ẹ ti sọ ọ́ kí July tó dé. Láàárín àkókò yẹn, kò sí ọmọ nínú ọgbà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà, sólà àti jẹnẹrétọ̀ ṣì wà níbẹ̀, ìgbà yẹn sì ni olè mọ̀ pé ibẹ̀ dá. Ẹ kọ̀wé sí DPO pé ọjọ́ báyìí ni ẹ ń tì, ọjọ́ báyìí ni ẹ ń ṣí, pé gáàdì báyìí ni yóò máa sùn níbẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ nìyí. Kí mọ́tò ìṣọ́ máa yà níbẹ̀ lóru.